Wọ́n Kan Ilẹ̀kùn, Wọ́n Ní Ìwádìí Ni

  Bí ẹ bá wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ẹ dín iná kù díẹ̀, kí a jọ sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan kan géètì ilé wa ní Ìdímù, nílùú Èkó níbí. Báàgì wà léjìká rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá dání. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó wà níwájú ilé, ó ní ìwádìí lòun bá wá, pé òun fẹ́ wọn ìfúnpá àwọn tó ti lé lógójì ọdún, òun sì fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀. Ìyá Sùkùrá tí wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu géètì wa ni wọ́n kọ́kọ́ dá a lóhùn. Wọn ò gbójú sókè kúrò nídìí ṣọkọ tí wọ́n ń já. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ta ló rán ọ? Àwọn kan ti wá rí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wa, wọ́n lọ, a ò gbúròó wọn mọ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ ibòòji, wọ́n gún wa lọ́mọ ìka, wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé, wọ́n ní èsì ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi gan-an na ọwọ́ mi. A dúró, a dúró, títí a fi gbàgbé pé à ń dúró. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n ò bá ìjà wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mú kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó fi ọkàn rere wá, bẹ́ẹ̀ láti inú ilẹ̀kùn tí àwọn èèyàn wa ṣí sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tó ń gba ẹ̀mí wa là lónìí ti jáde. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹni, tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, tí kò padà wá jíṣẹ́, gbèsè ló jẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa àwọn tó san gbèsè tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ìbímọ. Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, "ẹ kú ewu ọmọ" ni à ń kí i. Àwọn tó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn rí. Ewu tó ń pa abiyamọ jù lọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀. Ojú sì ni àwọn agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Òmíràn ti mu sínú aṣọ ibùsùn, òmíràn ti ṣàn sílẹ̀, omi ìbímọ ti dà mọ́ ọn. Ta ló lè wò ó kó mọ̀ pé ó ti pé ìdajì lítà? Nọ́ọ̀sì á ní kò tíì pọ̀. Nígbà tí yóò fi hàn pé ó pọ̀, ẹsẹ̀ abiyamọ ti tutù, ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

Láti wá ojútùú sí ìyẹn, àwọn olùwádìí kó 80 ilé ìwòsàn jọ ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Yunifásítì Bayero ní Kánò ló ṣíwájú. E-MOTIVE ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ ilé ìwòsàn tí yóò gba ọ̀nà tuntun àti èyí tí yóò ṣì máa bá ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí gègé yẹn. Bí dókítà bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ó lè yan ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, kó wá sọ pé ọ̀nà tuntun òun ló mú un dára. Gègé kì í ṣojúsàájú.

Kí wá ni ọ̀nà tuntun náà? Ọ̀rá ni. Ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá bí ọmọ bá ti jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpò, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sínú rẹ̀, ìlà àti nọ́ńbà sì wà lára àpò náà bí ìlà tó wà lára fídà ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà, kò sí pé bóyá ó pọ̀ tàbí kò pọ̀ mọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọn yóò fọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn kó lè sún kì, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kó sún kì àti oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ti ya. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n á ṣe eléyìí, wọ́n á dúró wò ó, kí wọ́n tó ṣe ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Èsì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Àwọn abiyamọ tí wọ́n kà lé ní 200,000. Níbi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n, nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, nǹkan bí 51 péré ni wọ́n ń tètè rí. Níbi tí ọ̀rá wà, wọ́n ń rí 93. Ní ti àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le débi pé ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá lítà kan, tàbí tó di iṣẹ́ abẹ, tàbí tó di ikú, wọ́n lé ní 4 nínú 100 abiyamọ ní ọ̀nà àtijọ́, wọn ò pé 2 ní ọ̀nà tuntun. Ọ̀rá lásán, ẹ̀yin ará mi! Ọ̀rá àti nọ́ọ̀sì tó mọ ohun tí yóò ṣe.

Oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró tí mo mẹ́nu bà yẹn, ó ní ìtàn tirẹ̀. Dókítà obìnrin kan ní Japan, Utako Okamoto, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1962. Ó wu mama náà kí wọ́n dán an wò fún àwọn abiyamọ, wọn ò dá a lóhùn. Ó di ọdún 2017 kí èsì ìwádìí ńlá lórí rẹ̀ tó jáde: 20,060 obìnrin, láti orílẹ̀-èdè 21. Bí wọ́n bá fún abiyamọ láàárín wákàtí mẹ́ta, ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà ń dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn, Nàìjíríà ni obìnrin ti pọ̀ jù nínú ìwádìí náà. Àwọn ìyá wa, nínú ìrora, ni ayé fi mọ ohun tí a ń lò báyìí láti Lọ́ńdọ̀nù dé Pakistan. Mama Okamoto ti kú lọ́dún 2016, ní ẹni ọdún 98. Kò rí èsì náà.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ ìyá, ká wo ọmọ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tó wọn kílò kan bí àpò iyọ̀ tí à ń rà lọ́jà, kí ni wọ́n ń ṣe fún un? Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí kó lè móoru, ìyá á wà níta, á máa yọjú wò ó láti ojú gíláàsì. Àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́ pé bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti lágbára díẹ̀, ó dára kí ìyá gbé e sáyà, ara sí ara, bí ẹranko kangaroo ṣe ń gbé ọmọ tirẹ̀ sínú àpò ikùn. Ìbéèrè tó kù ni pé: kí ló dé tí a ó fi dúró dìgbà tó bá lágbára? Ilé ìwòsàn márùn-ún ni wọ́n ti wádìí rẹ̀, ní Ghana, India, Malawi, Tanzania, àti Ilé-Ifẹ̀ tiwa níhìn-ín, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹbùnolúwa Adéjùyìgbé ti wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ọmọ 3,211 ló wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn kò tó kílò 1.8. Lápá kan, wọ́n gbé ibùsùn ìyá wọ inú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn gan-an, ohun tí nọ́ọ̀sì àtijọ́ kò ní gbà. Ìyá, tàbí ìyá ìyá, tàbí àbúrò ìyá bí ara ìyá kò bá yá, ló ń gbé ọmọ náà sáyà, nǹkan bí wákàtí 17 lóòjọ́; lápá kejì, wọ́n ń dúró dìgbà tí ọmọ bá lágbára.

Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yẹ àkọsílẹ̀ wò bí ìwádìí bá ń lọ. Nígbà tí wọ́n rí iye ọmọ tó ń yè lápá kan ju èkejì lọ, wọ́n ní kí wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, torí kò bójú mu mọ́ pé kí wọ́n máa fi àyà ìyá du àwọn ọmọ yòókù. Èsì jáde lọ́dún 2021. Ọmọ 12 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí wọ́n gbé sáyà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 nínú àwọn yòókù. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ọmọ yín tàbí ọmọ-ọmọ yín bá dé láìtọ́jọ́, ì báà jẹ́ ní Jẹ́nẹ́rà Ìgàndó tàbí níbi yòówù, ẹ béèrè. Ẹ ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè gbé e sáyà?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí ní sẹ́ńtà ìlera. Ìmẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló ti wá. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, lọ ń tọpinpin àwọn ọmọ ìlú náà láti ọjọ́ ìbí wọn ní nǹkan bí ọdún 1957. Ó rí i pé bí káàdì bá wà lọ́wọ́ ìyá, nínú ọ̀rá, nínú àpótí aṣọ rẹ̀, kì í sọnù bí ti èyí tó wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí i bí ìlà bá ń lọ sókè tàbí bó bá ń tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ ṣeun fún wa.

Ó wá ku àrùn kan tó pọ̀ ládùúgbò wa yìí, rọpárọsẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń sọ ọ́. Bàbá kan sùn, kò lè gbé apá mọ́ láàárọ̀, ẹnu ti wọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, àdúgbò ti ń sọ pé wọ́n ta á lọ́fà ni, ọwọ́ ayé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana lọ bá àwọn tí ọfà náà bà. Wọ́n kó 2,118 aláìsàn jọ, wọ́n sì wá ẹnì kejì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, bí ọkùnrin bá ni, ọkùnrin ni, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ kò kan ẹni yẹn. Wọ́n wá bi àwọn méjèèjì léèrè, kí ni ẹ jẹ, kí ni ẹ ṣe, báwo ni ìfúnpá yín? Ọdún 2018 ni èsì jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo wọn pátápátá. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá kúrò láàárín wa, àwọn olùwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rọpárọsẹ̀ ni ì bá kúrò. Àwọn tó tẹ̀lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn tó sanra, ẹran jíjẹ lójoojúmọ́, másùnmáwo, sìgá, àìkìígbòkègbodò, àti iyọ̀ tí à ń bù sórí oúnjẹ tó ti wà nínú àwo. Ó sì tún ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí Ìyá Sùkùrá gbọ́: àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà lára àwọn tó wà nínú ewu. Ṣọkọ tí wọ́n ń já lọ́jọ́ náà, ó wà nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa sọ nínú ara wọn pé, "Wọ́n ti fi wá ṣe ìdánwò rí." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣe é. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer wá dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú, àwọn mìíràn yè pẹ̀lú àléébù ara. Àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní oògùn àwọn kọ́ ló pa wọ́n, àrùn ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Ìpalára rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kán àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí àwọn ọmọ lẹ́nu ní Kánò lọ́dún 2003, tí àwọn kan ní àwọn ò gbà á, ìrántí Trovan wà lára ohun tó wà lọ́kàn wọn. Àwọn ọmọ tó sì rọ nígbà yẹn kò mọ nǹkan kan nípa Trovan. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó bá ṣe ìwádìí ní ìkùgbù: ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san án.

Nítorí náà ni òfin fi wà báyìí. Láti ọdún 2007 ni ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún ìwádìí ìlera ti wà ní Nàìjíríà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára èèyàn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ fún un. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má lé wọn, ẹ má sì ṣáà na ọwọ́. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní èdè tó yé yín. Ẹ bi wọ́n ní ìgbìmọ̀ wo ló fún wọn láṣẹ. Ibo ni ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ? Bí mo bá ní n ò ṣe mọ́ lọ́la ńkọ́? Ẹ lè kúrò nígbàkigbà, wọn ò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ìtọ́jú du yín. Bí ojú ẹni tó wá bá ń pọ́n nítorí ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i, torí ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ní Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn, lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbolé lọ bá àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ẹni tó ti fi hàn ṣáájú ìgbà yẹn pé ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa lè ba ẹsẹ̀ àti ojú èèyàn jẹ́, ló wà nídìí rẹ̀, kí ó tó kú lọ́dún 1995. Wọ́n fẹ́ mọ iye àwọn tó ń ṣarán. Lápá kejì, ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń bi àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní irú ìbéèrè kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn mama Ìdíkàn ni kò ní ìwé ọjọ́ orí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tí gbogbo ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, pé, mama, ṣé ẹ ti ń rìn nígbà yẹn, ṣé ẹ ti lọ́kọ? Èsì jáde lọ́dún 2001: nínú 1,000 àgbà, nǹkan bí 13 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nǹkan bí 32 ní Indianapolis. Gbogbo ayé ìṣègùn ló gbọ́ nípa Ìdíkàn.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé àìsàn ni wọ́n ka ṣíṣarán sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ mọ ohun tí à ń ṣe fún mama tó bá ṣìnà lóru, tó ń sọ ìsọkúsọ lójú títì. A ti rí i ládùúgbò wa. Wọ́n ní ẹyẹ ló já bọ́, wọ́n ní kó jẹ́wọ́, àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókùúta. Ìyá ẹnìkan ni. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Ọmọbìnrin ẹnu géètì wa ńkọ́? Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí, ó mú ìwé jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà kan wá ra ẹ̀fọ́, Ìyá Sùkùrá ní kó dúró ná. Wọ́n bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀, wọ́n bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìfúnpá àwọn ṣe, wọ́n wá béèrè èyí tó wà lọ́kàn wọn: "Ṣé ẹ ó padà wá sọ fún wa?" Ó ní iye ìfúnpá wọn, ojú ẹsẹ̀ lòun yóò sọ ọ́, àbájáde gbogbo àdúgbò, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mama na apá wọn. Ó ga, ó ga gan-an. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sí sẹ́ńtà, wọ́n sì ti ń lo oògùn.

Kí ọmọ náà tó lọ, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti oṣù tó dá. Ó ṣì wà lára pákó ṣọ́ọ̀bù wọn, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó ẹ̀fọ́.